Ta Ni Yóò Kà Á? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àkànṣe nínú Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún Àwọn Ọ̀dọ́langba ní Idigny

1. Ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé

Nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ̀dọ́langba ní Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ àkànṣe wà lára èyí tí àwọn olùkọ́ ń yìn jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọn yóò yan ọ̀ràn kan, wọn yóò wádìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò sì fi ohun kan tí ojú lè rí parí rẹ̀: ìwé ìròyìn kíláàsì, àlẹ̀mógiri, àwòrán-ilẹ̀ ìlú, eré, tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé e jáde. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í kọ́ èdè tán kí ó tó máa lò ó. Inú lílò gan-an ni ó ti ń kọ́ ọ.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ní ìtumọ̀ ní ibi kan lè di àṣà lásán ní ibòmíràn, bí àwọn tí ó gbé e dé kò bá gbé ìdí rẹ̀ dání. Idigny, ní abẹ́ Kétu, ní ẹ̀ka Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti dán an wò. Yorùbá ni èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ nílé àti lọ́jà. Faransé ni èdè ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé nígbà tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Síbẹ̀ ààlà Nàìjíríà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìjọba, kò jìnnà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àgbéyẹ̀wò yìí yóò fi wọn ọ̀nà náà: nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ta ni yóò kà á, tí kò bá ti lè kà á bí kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́?

2. Ibi tí ọ̀nà náà ti wá

Nínú àkọsílẹ̀ kan tí William Heard Kilpatrick, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York, gbé jáde ní 1918 ni orúkọ ọ̀nà yìí ti di mímọ̀ káàkiri. Ọmọlẹ́yìn John Dewey ni Kilpatrick. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ àkànṣe ni iṣẹ́ tí ọmọ fi gbogbo ọkàn ṣe láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ní ilẹ̀ Faransé, Célestin Freinet kò dúró lórí èrò nìkan. Ní 1924, ní abúlé Bar-sur-Loup, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wọ kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọ ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n ń fi lẹ́tà òjé tò ó, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bretagne, ní ìkángun kejì ilẹ̀ Faransé. Ọmọ apẹja Bretagne kò mọ bí ayé ṣe rí ní òkè Provence, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Provence kò mọ ti Bretagne. Ẹni tí ń kọ̀wé ní ohun tí ẹni tí ń kà á kò mọ̀. Agbára ọ̀nà Freinet wà níbẹ̀ ju inú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1980 sí 1990 ni iṣẹ́ àkànṣe wọ inú ìwé ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì ní tòótọ́. Tom Hutchinson gbé ìwé Project English jáde ní Oxford ní 1985 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ ìgbà ọ̀dọ́langba. Ní 1986 Diana Fried-Booth gbé Project Work jáde fún àwọn olùkọ́. Ó pín iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́ta: ìgbèrò nínú kíláàsì, ìṣe fúnra rẹ̀, àti àtúnyẹ̀wò. Irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ràn púpọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ti ara wọn tàn kálẹ̀ ni ó gbà pé àlejò tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà nítòsí, ní ibùdókọ̀ òfuurufú, ní ilé ìtura, tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn. Nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé Idigny, ara iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n àlejò kò bá a dé.

3. Ọ̀wẹ̀ àti àáró

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun àjèjì ni kíkọ́ iṣẹ́ nínú iṣẹ́ jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Àwọn baba mọ ọ̀nà méjì tí ènìyàn púpọ̀ ń gbà pawọ́ pọ̀, wọn kò sì da orúkọ wọn pọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹni kan bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá bá òun mọ ilé tàbí ro oko. Òun ni yóò bọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Àáró ni kí àwọn ẹgbẹ́ máa ṣe oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan: lónìí ti èmi, lọ́la ti ìwọ.

Ohun méjì wà nínú wọn tí iṣẹ́ àkànṣe ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbàgbé. Èkínní ni pé ilé ọ̀wẹ̀ ní ẹni tí yóò sùn nínú rẹ̀. Bí òrùlé bá jò, kì í ṣe máàkì olùkọ́ ni yóò sọ fún un. Òjò ni yóò sọ. Èkejì ni pé nínú àáró, ebè olúkúlùkù hàn: ẹni tí ó ṣe ọ̀lẹ lóko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé wá wo àlẹ̀mógiri tí ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́jọ ṣe lórí ‘Ìlú wa’. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá múṣémúṣé ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Èkejì ya àwòrán, ẹ̀kẹta kùn ún. Àwọn yòókù mú gọ́ọ̀mù àti páálí wá. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ìlú tí gbogbo wọn mọ̀ ni wọ́n júwe fún ara wọn, ní èdè tí kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀ láti mọ ìlú náà. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹwà sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sùn nínú ilé náà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ebè ẹni kọ̀ọ̀kan.

4. Ohun tí àwọn òbí rántí

Ìtàn orílẹ̀-èdè yìí tún fi ẹrù kan kún un. Òfin ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1975 dá ohun tí wọ́n pè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun sílẹ̀. Lára ète rẹ̀ ni láti so ẹ̀kọ́ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oko, láti jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tirẹ̀. Ète náà kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ wáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ètò náà ti dópin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò-ẹ̀kọ́ tuntun dé, èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe: ó kárí kíláàsì àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 2005. Ilẹ̀kùn tí iṣẹ́ àkànṣe ń gbà wọlé lónìí nìyẹn.

Nítorí náà, bí bàbá kan ní Idigny bá bèèrè pé ṣé eré ni òun rán ọmọ lọ ṣe tàbí ìwé, kò yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu. Owó ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tí ọmọ kò lọ sóko wà nínú rẹ̀. Ìdánwò BEPC tí ń bọ̀ ní òpin ọdún kẹrin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdáhùn tí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn ni kí ó rí ohun tí iṣẹ́ náà ṣe tí kò lè rí ṣe tẹ́lẹ̀.

5. Ààlà tí ń tan ni jẹ

Ìmọ̀ràn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí àwọn ọmọ Idigny máa kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlárá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú rẹ̀. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 ni ó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kò pín èdè rẹ̀. Ọmọ Idigny tí ó bá dé ọjà Ìmẹ̀kọ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó na ọjà. Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn méjèèjì fi Gẹ̀ẹ́sì kí ara wọn, ó dà bí ìgbà tí ọmọ ìyá méjì jókòó lórí ẹní kan náà tí wọ́n ń wá ògbufọ̀. Àwọn ọ̀dọ́langba kì í pẹ́ mọ̀ pé ohun kan jẹ́ ẹ̀tàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì mọ̀ ni ọkàn wọn yóò kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ní ààlà yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ara ọjà ni ó ń gbà kọjá. Ó wà lára ike oògùn koríko àti oògùn kòkòrò tí ó ti Nàìjíríà wá, lára páálí oògùn ibà, lára àpò ajílẹ̀. Ó tún wà nínú Yorùbá fúnra rẹ̀: táyà, bírékì, búrẹ́dì. Ọmọ tí ó ti ń sọ búrẹ́dì láti kékeré ti mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láìmọ̀. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀. Nítorí náà ó fi ‘u’ la ‘br’ láàrin, ó sì fi ‘i’ ti ‘d’ lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ láti yọ fáwẹ̀lì tí ó wọlé wọ̀nyí kúrò yóò rí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹnu ìyá rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ Idigny àti ti Ìmẹ̀kọ bá fẹ́ pawọ́ pọ̀, iṣẹ́ tí ó tọ́ sí wọn nìyí: kí wọ́n fi Yorùbá bèèrè orúkọ ohun èlò kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àti ilé ìdáná lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìhà méjèèjì, kí wọ́n kọ èyí tí ó ti Faransé wá àti èyí tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, kí wọ́n sì ṣe àlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ghana tàbí ní àríwá Nàìjíríà, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì yóò ní iṣẹ́ tí Yorùbá kò lè bá a ṣe. Wọn yóò tún rí i pé ìhà kan ń kọ ‘ɛ’ àti ‘ɔ’ níbi tí ìhà kejì ń kọ ‘ẹ’ àti ‘ọ’, wọn yóò sì ní láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe kọ àkójọ kan ṣoṣo.

6. Iṣẹ́ méjì tí ó ní ẹni tí yóò lò ó

Iṣẹ́ èkínní ni ti ike oògùn oko. Àgbẹ̀ tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì ń wọn oògùn náà bí ẹni tí ó tà á fún un ti wí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ike òfìfo tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ wá, kí wọ́n ka ohun tí ó wà lára rẹ̀, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n sì lọ kà á fún àwọn àgbẹ̀ bóyá ó yé wọn. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n kò gba eré. ‘Dilute’ kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ó bá a dọ́gba. ‘Fi omi là á’ ni ẹnu àgbẹ̀ yóò sọ, ó sì kù kí wọ́n sọ iye omi. ‘Before’ àti ‘after’ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé fún ara wọn lè ba oko ọdún kan jẹ́. ‘Keep out of reach of children’ kò ṣe é túmọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tí ó mọ Yorùbá yóò sọ pé ‘ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó’. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ìwé náà jáde títí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ti oògùn ènìyàn, kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Níhìn-ín, bàbá tí ó bèèrè nípa eré yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà wúlò fún.

Iṣẹ́ kejì gba ọ̀nà òdìkejì, láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àtàtà ẹ̀dá ènìyàn, ó sì wà nínú àkójọ àjogúnbá wọn láti 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, níbi tí ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ Kétu rí ti ń ka àlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkàwé kan nìyẹn tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí àwọn ọmọ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ère kan ń sọ, kí wọ́n sì kọ àlàyé tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àgbà yóò sọ pé wọ́n ń ṣe é láti fi yẹ́ ‘àwọn ìyá wa’ sí. Ìwé atúmọ̀-èdè tí ó gba àjẹ́ kọjá yóò fún wọn ní ‘witch’. Èyí tí ó gba Faransé kọjá yóò fún wọn ní ‘sorcière’. Méjèèjì gbé ìbẹ̀rù àti ẹ̀gàn wá láti ilẹ̀ mìíràn. Kò sí èyí tí ó gbé ọ̀wọ̀ àti ẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú ‘ìyá wa’. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi rí ohun tí yóò kọ ti ṣe iṣẹ́ èdè tí àgbàlagbà kò tíì ṣe tán. Bí àgbà bá sì ní ohun kan kò ṣe é kọ, kí wọ́n má ṣe kọ ọ́. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú ìwádìí.

7. Iṣẹ́ Yorùbá tí ó wà nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi hàn pé ìdajì iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ní Yorùbá ni yóò ti wáyé. Òfin tí ó wà ní ọ̀pọ̀ kíláàsì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ èdè mìíràn ní wákàtí Gẹ̀ẹ́sì kò lè dúró níhìn-ín. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe pẹ̀lú àgbà tí kò gbọ́ ọ jẹ́ ìtàn tí ọmọ fúnra rẹ̀ hun.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù pé Yorùbá yóò jẹ àyè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti ìdajì ọ̀nà.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí èdè méjì ti forí gbárí ni gírámà ti ń wọlé. Ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ‘wọ́n ní’, nítorí ọ̀wọ̀. Nígbà tí ó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ‘they’ ni ó kọ, òǹkàwé sì rò pé ènìyàn púpọ̀ ni. Ó padà kọ ‘ó’, ṣùgbọ́n ‘ó’ kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin; Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀. Ní ti ‘ìyá rẹ̀’, Faransé tí ó mọ̀ tún ṣì í lọ́nà: ohun tí ènìyàn ní ni Faransé ń wò, olóhun ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò. Ọmọkùnrin tí Faransé ní kí a sọ ‘sa mère’ nípa ìyá rẹ̀ di ẹni tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ ‘her mother’ fún. Olùkọ́ lè kọ òfin yìí sójú pátákó ní ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ọmọ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí òun mọ̀ ni òun bà jẹ́ ni yóò dì í mú.

8. Ohun tí kò rọrùn

Kò yẹ kí ìyìn bo ìṣòro mọ́lẹ̀. Kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ kò ṣe é pín sí ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin mẹ́rin kí olùkọ́ kan sì tẹ̀lé gbogbo wọn. Ìgbà òjò kì í dúró de ilé-ẹ̀kọ́. Ìdánwò kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó ṣe fún àgbẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ kan lọ́dún tó, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi. Àlẹ̀mógiri mẹ́fà lọ́dún kò tó nǹkan kan. Ní ti ẹni tí ń ṣe àti ẹni tí ń wò, kí olùkọ́ padà sí òfin àáró: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ike tirẹ̀, tàbí àgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tún un ṣe. Fóònù tó láti gba ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ó ni ohùn bá gbà.

9. Ìparí

Kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe ni ó yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi, bí kò ṣe iṣẹ́ àkànṣe tí kò ní olùgbà. Ọ̀dọ́langba Idigny tí ń tajà, tí ń ro oko, tí ń gbé àbúrò pọ̀n ti mọ ohun tí iṣẹ́ gidi jẹ́ kí ó tó dé kíláàsì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi páálí àti gọ́ọ̀mù tàn án pẹ́. Kí olùkọ́ tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ kalẹ̀ kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò lò ó sójú pátákó. Bí kò bá rí orúkọ kankan kọ, kí ó pa iṣẹ́ náà tì, kí ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára ní wákàtí náà. Ìyẹn náà kì í ṣe àdánù.